Orogún Ìyá Ọkọ Mi Lórí Àpáta

                                                            Ha Thamae,
                                                            Maseru,
                                                            Lesotho.
                                                            Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Keje, 2018.

Khauhelo, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ èbúté ò tíì gba gbogbo okun tó wà lára wọn? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé eyín ti yọ tán, àbí ó ṣì ń fi ẹkún lé oorun lójú yín? Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ Mama tún ti ń wú. Jọ̀wọ́, bá mi fi omi gbígbóná oníyọ̀ jó o fún wọn, kí o sì sọ pé èmi ni mo ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà bá ọ jà. Tí o bá ń bèèrè tiwa, gbogbo wa la jí, gbogbo wa la jẹun, ọpẹ́ sì kún ẹnu mi débi pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ dà á sí. Ìwọ ni mo wá fẹ́ dà á sí lára.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa ráhùn. Láti ìgbà tí bàtà òjò tí o fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ti dé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dúpẹ́ lórí fóònù, ìgbà yẹn gan-an ni fóònù sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Má bínú. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Pọn ọmọ, wá ibi jókòó sí, kí o sì kà á dé ìsàlẹ̀, torí ìwọ lo dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe ẹnu rẹ tó mú bí abẹ, kí ni ì bá gbé mi dé òkè Mokhotlong nínú òtútù oṣù Kẹfà?

Ìwọ náà rántí bí mo ṣe ń ta kú. Mo ní ṣé orí mi dàrú ni, tí màá kó ọmọ tí mo bí sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ síbi tí omi inú garawa ti ń di òkúta mọ́jú? Mo ní àti pé ìyá ọkọ mi ò ní ṣàì rí nǹkan kan sọ sí mi. O ní kí n pa ẹnu mi dé. O ní ọmọ tó bá dàgbà láìjókòó ti ìyá bàbá rẹ̀ nídìí iná, kí ló fẹ́ rántí lọ́la? Inú bí mi sí ọ lọ́jọ́ náà, mo fi fóònù sílẹ̀ láìdágbére. Ṣùgbọ́n mo lọ.

Kì í wá ṣe ìsinmi àwọn ọmọ nìkan ló ń gbé wa lọ. Ojú Bàbá ọkọ mi ló ń ṣe bàìbàì. Molefi, ọmọ àbúrò wọn tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ló pe ọkọ mi, Bàbá Rele, pé kó tètè wá o, pé Bàbá ti ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife, tí wọ́n bá sì bi wọ́n, wọ́n á ní ife ló jò. Ẹ̀ẹ̀kan rí, dókítà tó máa ń gun ẹṣin kiri àwọn abúlé ti yẹ̀ wọ́n wò, ó ní awọ funfun kan ló bo ẹyinjú, pé iṣẹ́ abẹ kékeré ní Maseru á ṣí i kúrò. Bàbá fárígá. Ẹ̀gbọ́n wọn kan ṣoṣo, inú ló ń run ún, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọsibítù nígbà kan, inú pósí ló bá padà wálé. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọsibítù níbi tí wọ́n bá wà. Ìwọ náà mọ bí ọ̀nà òkè yẹn ṣe rí: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́tùn-ún, kòtò lósì. Ẹni tí kò ríran tó ń da àgùntàn níbẹ̀ nígbà òtútù, ikú ló ń bá ṣeré. Ọkọ mi wá búra pé bí a bá ń bọ̀, Bàbá á wà nínú ọkọ̀.

A gbéra. Sechaba, ọmọkùnrin mi kékeré, bì sí mi lára lẹ́ẹ̀mejì kí a tó gun òkè tán, ìyẹn ò tó ìròyìn. Bí a ṣe dé ni Ìyá ọkọ mi jáde sí wa, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyá Relebohile, o gbẹ báyìí? Ṣé wọn ò ta oúnjẹ ní Maseru mọ́ ni?"

Kí n tó dáhùn, wọ́n ti yíjú sí àwọn ọmọ. "Yéè! Ta ló kó ọmọ mi wá ní ìhòòhò?"

Mo ní, "Ìyá, jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wọ̀ yẹn o. Ó nípọn dáadáa."

"Jákẹ́ẹ̀tì! Jákẹ́ẹ̀tì wá di aṣọ? Ẹni tí kò bá ní kúbùsù lára, bí ẹni tí kò lẹ́nìkan ló rí. Á dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó bí i."

Wọ́n wọlé, wọ́n kó kúbùsù tí bàbá àwọn ọmọ yìí lò ní kékeré jáde, wọ́n so ti Sechaba ní èjìká, wọ́n fi pínnì ńlá de ti Rele níwájú àyà bí ti àgbàlagbà obìnrin. Wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí pé, "Gbọ́ o. Obìnrin ilé yìí kì í jáde síta ní ìhòòhò. Ìbáà ṣe òkú, a máa ń wé e." Rele la ẹnu sílẹ̀, ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni ń mu ògì. Ǹjẹ́ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ̀ wá bá wa?

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣí àpótí aṣọ wọn fún un. O mọ kúbùsù tí mò ń wí, mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ rí: èyí pupa bí ata, tí wọ́n ya ṣírí àgbàdo dúdú sí, tí Bàbá rà bọ̀ láti ibi ìwakùsà nígbà tí wọ́n bí ọkọ mi. Bí wọ́n bá ń gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni Ìyá ń dà á bora. Wọ́n ní òun náà ni kí a fi wé àwọn lọ́jọ́ tí àwọn bá kú. Káfúrà ló ń rùn, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Rele fọwọ́ kàn án, wọn ò sì sọ nǹkan kan. Ó ya èmi lẹ́nu, torí èmi tí mo ti jẹ́ ìyàwó ilé láti ọjọ́ yìí, ọ̀ọ́kán ni mo ti ń wò ó.

Ohun kan tún wà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ilé ìdáná, àpáta kan wà tó yọrí jáde lórí gegele. Bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, Ìyá á rọra gun ibẹ̀, wọ́n á fọwọ́ ṣíji bojú, wọ́n á máa wo ọ̀nà tí Bàbá máa gbà da àgùntàn bọ̀. Bí wọ́n bá ti rí i pé ó yọ ní ìsàlẹ̀, wọ́n á sáré sọ̀kalẹ̀, wọ́n á jókòó ti iná bí ẹni tí kò tíì dìde látàárọ̀. Bí Bàbá bá wọlé, wọ́n á ní, "Àh, ẹ ti dé?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Àwọn àgbà yìí ò ní fi ìfẹ́ hàn kí èèyàn rí i láéláé.

Nígbà tó yá, ọkọ mi ki àyà, ó dá ọ̀rọ̀ ojú sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. Bàbá ń fi ìka yí òkèlè papa.

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ pé mi ò ríran?"

Ìyá fi orúkọ ọkọ mi pè wọ́n, wọ́n ní, "Bàbá Tlali, ẹ̀fọ́ lẹ rò pé ẹ̀ ń fi òkèlè bù yẹn? Aṣọ ìnuwọ́ ni."

Bàbá ní, "Àgùntàn mi ńkọ́? Ṣé wọ́n á bá mi jókòó lọ́dọ̀ dókítà?"

Molefi ní, "Ntate, bàbá mi, èmi ni màá máa dà wọ́n. Ẹ fi wọ́n sí mi lọ́rùn."

Bàbá dìde. "Kò sẹ́ni tó máa gbé mi sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè yìí. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn padà."

Ṣé o mọ ohun tí Ìyá ṣe? Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní láti àkókò yẹn lọ, àwọn ò ní dá Bàbá lóhùn mọ́, títí tí á fi gbà. Mo rò pé àwàdà ni, torí ẹnu ìyá ọkọ mi, Ọlọ́run ló mọ bó ṣe ń sinmi. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é! Bàbá á ní, "Káàárọ̀ o," Ìyá á máa ro ògì ọkà bàbà lọ. Bàbá á ní, "Ibo ni ọ̀pá mi wà?" Ìyá á gbé ọ̀pá lé wọn lọ́wọ́, kò ní sọ̀rọ̀. Ilé náà wá dákẹ́ rọ́rọ́, ó ń dùn mí lọ́kàn. Bàbá ń kọ orin kéékèèké fúnra wọn kí ilé lè ní ohùn díẹ̀.

Báyìí la wà tí òjò dídì fi dé. A jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ayé funfun báláú. Khauhelo, o ò bá wo àwọn ọmọ! Rele kígbe, Sechaba kígbe nítorí pé Rele kígbe. Wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò tí o rà, ó di ìta. Wọ́n gé àpò ìyẹ̀fun, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń yọ̀ bọ̀rọ́ sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Sechaba bu òjò dídì sínú ife, ó da ṣúgà sí i, ó ní òun ń ta áísìkiriìmù. Èmi tí mo ní mi ò ní bá wọn ṣe, ọkọ mi tì mí, mo yọ̀ lọ, mo fìdí lu ilẹ̀ gbì, ìbòrí mi fò lọ. Bàbá tó dúró ní ẹnu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyẹn, mo rí i o!" Ìyá gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n mo rí èjìká wọn tó ń gbọ̀n.

Nígbà tí oòrùn yọ dáadáa, Bàbá ní apá kejì òkè kò ní òjò dídì púpọ̀, kí àwọn da àgùntàn lọ jẹ díẹ̀. Ọkọ mi ní òun á bá wọn lọ. Wọ́n ní, "Ṣé èmi lo fẹ́ máa dà ni, àbí àgùntàn?" Wọ́n kó ajá wọn, wọ́n lọ. Ọkọ mi àti Molefi lọ hú ọkọ̀ wa jáde nínú òjò dídì ní ìsàlẹ̀ abúlé. Orúnkún ń dun Ìyá, wọ́n lọ rọ̀ gbọ̀kú. Èmi wà nílé ìdáná, mò ń fẹ́ iná ìgbẹ́ màlúù tó kọ̀ tí kò jó, omi ń jáde lójú mi.

Nígbà tí mo yọjú síta lẹ́ẹ̀kan, ojú ọjọ́ ti ṣú, òjò dídì ti tún ń bọ́. Mo wo òkè, mo rí pupa lórí àpáta. Mo ní, àh, Ìyá ti lọ dúró. Mo ní wo obìnrin tó ní òun ò bá ọkọ sọ̀rọ̀, ó tún gbé orúnkún tó ń dùn ún gòkè nínú òtútù. Ojú tì mí láti pè wọ́n, mo padà sídìí iná mi.

Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ohùn àgùntàn. Mo sáré jáde. Àgùntàn ti wọ agbo, ajá wà lẹ́yìn wọn, ó ń gbọn òjò dídì lára. Bàbá ò sí. Mo wò títí, Bàbá ò sí. Mo figbe ta, ọkọ mi àti Molefi sáré dé, wọ́n wo ilẹ̀, òjò dídì tuntun ti bo gbogbo ojú ẹsẹ̀. Wọn ò dúró gba tíì, wọ́n gba ọ̀nà odò lọ, wọ́n ń pariwo "Ntate! Ntate!" Kùrukùru gbé ohùn wọn mì. Ìyá jáde láti inú ilé. Inú ilé o! Mo wò wọ́n bí ẹni rí iwin, mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti sọ̀kalẹ̀ ni?" Wọn ò gbọ́ mi. Wọ́n ní kí n dá iná ńlá, kí n gbé omi kaná, pé àwọn fẹ́ yọ kúbùsù pupa sílẹ̀, torí òun ló nípọn jù, òun ni àwọn máa fi wé Bàbá nígbà tó bá dé. Wọn ò sọ pé "bó bá dé." Wọ́n ní "nígbà tó bá dé."

Mo gbọ́ tí ìdérí àpótí lu ògiri. Mo gbọ́ igbe.

Àpótí ṣófo.

Mo yíjú, mo rí Rele tó ti ń fà sẹ́yìn lọ sí kọ̀rọ̀. O mọ inú mi, kì í pẹ́ gbóná. Mo ní, "Níbo ló wà?" Ó ń wolẹ̀. Sechaba ló tú àṣírí: "Nkhono Kejì ló wọ̀ ọ́." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyá àgbà wọn, Nkhono. Mo ní, "Èwo ni Nkhono Kejì?" Ó nawọ́ sí orí àpáta.

Àṣé àwọn ọmọ yìí ti gba ẹ̀yìn ilé lọ, wọ́n kó òjò dídì jọ, wọ́n fi mọ obìnrin kan sórí àpáta, ìyá àgbà wọn gẹ́lẹ́, tó dúró tó ń wọ̀nà. Wọ́n wé gèlè mi kan fún un! Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí ni Rele rántí pé obìnrin ilé yìí kì í jáde ní ìhòòhò.

Mo gbá apá Rele mú, mo ń wọ́ ọ gòkè. Mo ń sọ gbogbo ohun tí màá ṣe fún un. Ìyá tẹ̀ lé wa, wọ́n ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Sechaba ń sunkún lẹ́yìn. Òjò dídì ń gbá wa lójú, a ò rí jìnnà. Bí a ṣe fẹ́ dé orí rẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin, mo dúró. Ìyá fọwọ́ dì mí lẹ́wù.

Bàbá ni. Ọ̀dọ́ àgùntàn kan wà nínú kúbùsù wọn, orí rẹ̀ yọ síta lábẹ́ àgbọ̀n wọn. Wọ́n dúró níwájú obìnrin olójò dídì yìí, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ìyá Tlali, kí lò ń ṣe nínú òtútù? Wọlé. Mo ti dé."

Kò sí ìdáhùn.

"O ò ní dá mi lóhùn síbẹ̀. Ó dáa." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọmọ àgùntàn yìí ló há sáàárín òkúta, mo dúró yọ ọ́, àwọn yòókù lọ. Mo rìn títí, mi ò mọ òkè, mi ò mọ ilẹ̀. Ojú mi ò ríran mọ́. Ṣé ohun tí o fẹ́ gbọ́ nìyẹn? Kò ríran mọ́. Pupa aṣọ rẹ nìkan ni mo rí, òun ni mo tẹ̀ lé bọ̀."

Kò sí ìdáhùn.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Ìyá Tlali. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fi wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ń juwọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n màá lọ. Màá bá ọmọ rẹ lọ sí Maseru. Jọ̀wọ́, ṣáà bá mi sọ̀rọ̀. Ilé yẹn ti dákẹ́ jù."

Wọ́n nawọ́ láti di apá rẹ̀ mú. Apá já sí wọn lọ́wọ́!

Khauhelo, igbe tí Bàbá ké, mo rò pé òkè á ya lulẹ̀. "Yéè! Mo gbé! Ìyàwó mi ti gan!" Ọ̀dọ́ àgùntàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyá wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa, ohùn wọn dákẹ́ jẹ́jẹ́.

"Mo ti gbọ́, Bàbá Tlali. Ẹ ní ẹ máa lọ. Ẹlẹ́rìí wà o."

Bàbá yí síbí, wọ́n yí sọ́hùn-ún, pẹ̀lú apá òjò dídì lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó mélòó ni mo wá ní?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé mi ṣubú, kí ẹkún tó dé. Ìyá kọjá lára mi, wọ́n lọ bá ọkọ wọn, wọ́n fi kúbùsù ara wọn bò ó mọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́ àgùntàn láàárín, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò rí i rí kí wọ́n fọwọ́ kan ara wọn lójú èèyàn. Mo gbé ojú kúrò. Mo lọ ń lu irin ìtúlẹ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo, gan-in gan-in gan-in, títí ọkọ mi àti Molefi fi gbọ́ tí wọ́n padà. Bí ọkọ mi ṣe rí bàbá rẹ̀ tó jókòó ti iná, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Kúbùsù náà ńkọ́? Ó ti gan bí pákó. Nígbà tí a fà á kúrò, etí rẹ̀ kan ya. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ Ìyá nítorí ọmọ mi, mo ní kí wọ́n bá mi nà án, kí wọ́n má ṣáà gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Rele gbé imú tó pọ́n sókè, ó ní, "Nkhono, ẹ̀yin lẹ ní obìnrin ilé yìí kì í jáde ní ìhòòhò." Mo fẹ́ fi ẹnu ọmọ yẹn pamọ́ sápò. Ìyá wò ó títí. Wọ́n ní, "Òótọ́ ló sọ. Ọmọ mi nìyí." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Orogún mi lásán, tí kò lẹ́nu, ló gba ìlérí tí mo ti ń tọrọ láti ọjọ́ yìí. Kó wọ aṣọ mi, ó tọ́ sí i."

Mo máa ń rò ó tí mo bá dá wà. Ká ní Ìyá ti ṣí àpótí yẹn ṣáájú ni, èmi náà ni ǹ bá sáré lọ bọ́ aṣọ kúrò lára òjò dídì, pẹ̀lú ìbínú, ǹ bá gbé e wálé, ǹ bá sì rò pé mo ṣe dáadáa. Kí ni Bàbá ì bá rí tẹ̀ lé bọ̀? Ẹni tó bá mọ inú rò, á mọ ọpẹ́ dá.

Má rò pé Bàbá ò gbìyànjú àtiyẹ̀ ẹ́ o. Lọ́jọ́ kejì, oòrùn mú, Nkhono Kejì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Bàbá ní àwọn ti ronú sí i, pé obìnrin olójò dídì lẹni tí àwọn ṣèlérí fún, kì í ṣe Ìyá, ẹni náà sì ti yọ́, ìlérí ti bá a lọ. Ìyá ò jà. Wọ́n wọlé, wọ́n da kúbùsù pupa tó ya létí bora, wọ́n jáde, wọ́n ní, "Orogún mi kú, èmi ni mo jogún rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ rèé lára mi. Ó ní kí n gba ohun tí ẹ jẹ ẹ́." Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí a ń bọ̀, wọ́n wà nínú ọkọ̀. Ìyá náà wà níbẹ̀, wọ́n di ọwọ́ Bàbá mú láti òkè dé pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Lánàá ni wọ́n tú ohun tí wọ́n fi dí ojú Bàbá. Gbogbo wa wà níbẹ̀. Ìyá ti rán etí kúbùsù, òun náà ni wọ́n dà bora, wọ́n ń bá nọ́ọ̀sì jà pé kó rọra, wọ́n ń bá mi jà pé mi ò gbé omi wá, wọ́n ń bá Sechaba jà pé ó ń fọwọ́ kan nǹkan. Bàbá sẹ́jú, wọ́n tún sẹ́jú. Wọ́n wo pupa yẹn, wọ́n gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀ dé ojú Ìyá.

Wọ́n ní, "Ti orí àpáta yẹn ò dá mi lóhùn rárá. Ìwọ ò sì tíì dákẹ́ látàárọ̀. Ìwọ gan-an rèé."

Ìyá ní, "Ẹ wò mí dáadáa, mo ti darúgbó."

"Mo rí i," ni Bàbá wí. "Ó dára lójú mi."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá wá ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wo ọkọ mi, wọ́n wo Rele. Ìgbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Sechaba, wọ́n dúró. Wọ́n fọwọ́ sí i ní àgbọ̀n, wọ́n yí ojú rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ọwọ́ wọn ló ti ń ṣeré ní gbogbo ìgbà tí a wà lókè. Wọ́n ní, "Ojú ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ló wà nínú ilé wa láti ọjọ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi."

Kò sẹ́ni tó lè sọ fún wọn, Khauhelo. Àwọn nìkan ló ṣẹ́kù tó mọ ojú náà nígbà tó wà ní kékeré.

Bàtà rẹ ló gbé àwọn ọmọ yẹn dé orí àpáta. Bí kò bá sí i, ẹsẹ̀ ìhòòhò wo ni ǹ bá jẹ́ kí wọ́n gbé wọnú òjò dídì? Ẹnu rẹ ló lé mi lọ, bàtà rẹ ló ṣe èyí tó kù. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá. Wọ́n ní kí n kí ọ, kí n kí ọ, kí n tún kí ọ, wọ́n sì ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ń ta irú bàtà yẹn ní ìwọ̀n àgbàlagbà, èyí tó pupa. Bá mi kí Mama, kí o kí bàbá àwọn ọmọ, kí o fẹnu ko ọmọ tuntun lẹ́nu níbi tí eyín ti ń yọ. Rele ní kí n sọ fún ọ pé òun ò jí kúbùsù gbé o, òun bo ìyá àgbà òun lára ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí o lé lọ sí òkè, tó sì bá ayọ̀ sọ̀kalẹ̀,

Ìyá Relebohile.